Bàbá, Ìjókòó Ni Mo Fi Kí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé orí ìjókòó ni mo ti ń kí yín. Dókítà ní n kò tíì gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Ẹ ó sì rí i pé n kò bẹ akọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà tí mò ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló so èso. Bí lẹ́tà kan bá ṣubú, ẹ bá mi gbé e dìde.

Lóṣù tó kọjá, òjò ọ̀sán rọ̀ ní Johannesburg níbí. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, mo tẹ àwọn òdòdó elésè àlùkò tó máa ń já bọ́ láti orí igi ẹ̀bá títì, wọ́n sì yọ̀ bí ilá. Mo gbọ́ “pá!” nínú orúnkún mi. Iṣan tó di orúnkún mú ló já. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n rán an pọ̀. Èmi tí mò ń ránṣọ láti kékeré, èmi ni wọ́n wá rán.

Dókítà ní n kò gbọdọ̀ tẹ maṣíìnì títí ilé-ìwé yóò fi wọlé lọ́dún tuntun. Bàbá, àsìkò yìí gan-an ni àwọn ìyá ń sáré wá rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ wọn lọ́dọ̀ èmi àti Nomsa, obìnrin Zulu tí a jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bí Fúnmi ọmọ mi bá ti lọ sí yunifásítì tó ti ń kọ́ni, n ó yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ kan ló ń dùn mí, mo ṣì ní èkejì.

Ní Sátidé, ìyá ọkọ Fúnmi wá kí mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àna mi sì ni. Bí mo ṣe rí gèlè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún mi ti forí lé ilẹ̀ kí n tó rántí. Irora yẹn, Bàbá! Mo ṣubú gbalaja. Màmá ju báàgì sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ láti gbé mi, kò sì lè dìde mọ́. Arúgbó méjì lórí rọ́ọ̀gì.

“Àna mi, ẹ dìde.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde, mà.”

Tómi ọmọ Fúnmi dúró lé wa lórí. “Eish, Grandma, ta ni kí n kọ́kọ́ fà?”

Ọmọ ọdún méje! Orí yín ló gbé wáyé.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní díẹ̀ ló kù kí iṣan náà tún já. Bó bá já lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pá ni n ó máa fi rìn títí ayé. Ẹ̀rù bà mí wàyí. Tótó, ó ṣe bí òwe lójú yín: a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo pe Nomsa lórí fóònù pé kó wá ẹlòmíì sídìí maṣíìnì mi títí ọdún tuntun. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín. Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

“Gogo, ẹ jókòó jàre. Ṣé maṣíìnì ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?”

Mo jókòó lóòótọ́, ẹ̀yin ni mo sì ń rò. Mo rántí ẹsẹ̀ òsì yín tó máa ń wú, tí ẹ ó fi àkísà dì kí ẹ tó gbé ọkọ́. Àwa ọmọ a máa fi yín yangàn pé kì í rẹ bàbá wa. Ṣé ó máa ń dùn yín? Ṣé ẹ máa ń retí kí ẹnì kan gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ yín?

Níbi tí ẹ wà lọ́run, Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ na ẹsẹ̀ yín. Iṣẹ́ oko ti tán.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí àárò yín ń sọ.