Mojọlá Kì í Ṣe Àlìkámà

Ìperíndó,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, 1987.

Ọmọ́yẹni ọmọ mi,

Ìjọba ti fòfin de àlìkámà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o wọlé láti Amẹ́ríkà tàbí ibòmíràn mọ́. Mo fi èyí ṣáájú ìkíni nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ rẹ.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúdayọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́? Mojọlá ńkọ́, ṣé ó ti ń gbìyànjú àtijókòó? Ọlọ́run tó mú yín la òkun kọjá kò ní í fi yín sílẹ̀ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, eékún rẹ̀ ti sàn. Kòkó gbówó lórí lọ́dún yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Ìdí rẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n mo ti fi páànù tuntun bo ẹ̀yìnkùlé.

Shakirat tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ti ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ìwọ̀nba àlìkámà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò wú rárá. Ìyá rẹ ní bí ènìyàn bá sọ ọ́ lu ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà kò ní í dìde mọ́. Shakirat dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wú kó lọ ra bọ́ọ̀lù. Ti ọ̀sẹ̀ yìí dára ju tàkọ́kọ́ lọ, mo jẹ méjì.

Mo rò ó wò, mo rí i pé bó bá jẹ́ èmi ni Amẹ́ríkà, inú mi kò ní í dùn. Ó ń ra epo rọ̀bì lọ́wọ́ wa, ó ń ra kòkó, a wá sọ fún un lójijì pé a kò ra tirẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn ní inú ń bí wọn, pé wọ́n lè dín ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa kù. Ìwọ náà sì ti kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé etí omi Houston níbẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ àlìkámà ti ń gbéra wá sí Èkó. A jẹ́ pé àárín àwọn tí inú ń bí gan-an lẹ ń gbé. Bí ẹ bá pàdé àgbẹ̀ alálìkámà kan ní ọ̀nà tí ẹ ń pè ní fíríwéè yẹn, ẹ dúró kí i dáadáa, kí ẹ sọ fún un pé wọn kò bi bàbá yín léèrè kí wọ́n tó ṣòfin.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti tẹ̀ ọ́ láago. Ohùn rẹ ló dáhùn, Òyìnbó lo ń sọ, o ní o kò sí nílé. Mo ní Ọmọ́yẹni, bàbá rẹ ni, bí o kò bá sí nílé, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀? Nǹkan kan kàn dún fín-ín bí ẹ̀fọn. Mo tún pè ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà lo sọ, kò lé, kò dín. Mo mọ̀ pé o kò lè fi Òyìnbó dá mi lóhùn bí kò bá ṣe pé àwọn kan dúró tì ọ́. N kò bínú.

Mojọlá ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ẹ ní ẹ ó gbé e wálé ní Àjíǹde kí n lè fi ojú ara mi rí i. Amẹ́ríkà sì ni wọ́n bí i sí, ohun tó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n sì ń dá padà ní Àpápá. Ládépọ̀ ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù níbẹ̀, wálé lọ́jọ́ Àìkú. Mo bá a nídìí iyán, mo bi í pé èló ni láísẹ́nsì àtikó ọmọ oṣù mẹ́rin wọlé.

Òkèlè há a lọ́fun. Ó ní Bàbá Ọmọ́yẹni, ẹ má pa mí sórí iyán ìyá mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Mo ní ọmọ náà kì í ṣe ọjà àjèjì pátápátá, ọ̀dọ̀ wa níbí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ, Amẹ́ríkà kàn tò ó pọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò Píjò ní Kàdúná tí a sì ń pè é ní tiwa. Ó nu ojú rẹ̀, ó ka ohun tí òfin dè fún mi: ìrẹsì, àgbàdo, òróró, àlìkámà. Ó ní òun kò rí ọmọ-ọmọ níbẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀, mo ti dìde tán kó tó bi mí pé ìwé ìrìnnà wo ni ọmọ náà ń lò. Mo sọ ohun tí o kọ sí mi, pé Amẹ́ríkà ti fún un ní tirẹ̀, tòun ti fọ́tò. Ládépọ̀ fọwọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní nínú ìwé, àlejò ni Mojọlá, ó sì lè nílò ìwé àṣẹ kó tó wọ ìlú bàbá rẹ̀, àfi bóyá bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà tìrẹ. Ó ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n òun mọ ìyáàfin kan, Veronica, nílé iṣẹ́ tó ń rí sí ìwé ìrìnnà l'Ékòó, òun á bi í bóyá ìyẹn tó. Mo ní ṣé o rí i pé mo lẹ́jọ́. Ó ní ẹ lẹ́jọ́, Bàbá, ẹnu ọ̀nà mìíràn lẹ kàn gbà wọlé.

Nítorí náà, lọ bá àwọn aṣojú ìjọba wa níbẹ̀ kó tó di Àjíǹde, kí ìwọ náà béèrè. Má ṣe di àtíkè ọmọ sínú ẹrù, ó funfun jù, wọ́n lè pè é ní ìyẹ̀fun. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wọ mọ́tò lọ sí Èkó wá pàdé yín. Ìyá rẹ ti kun yàrá yín.

Ilé tí ẹ kọ̀wé sí kò ní í kọ̀ yín. Ọ̀nà yóò mọ orúkọ yín. Mojọlá yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí.

Dírẹ́bà tó máa ń ti Èkó bọ̀ lọ́jọ́rú ni Ládépọ̀ ní òun yóò fi èsì Veronica rán. N kò tíì lẹ àpòòwé yìí. Agogo mẹ́rin ti lù, ọkọ̀ náà kò tíì dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adélékè.