Ìwé Tí Ó Gba Oyè Lọ́wọ́ Ilé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti fi ọdún mẹ́jọ dàgbà ju iye ọdún tí ẹ lò láyé, síbẹ̀ ẹ̀rù yín ṣì ń bà mí bí mo ti ń kọ èyí. Mo ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ará àdúgbò má baà wí pé mo ti ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Oyè ilé wa ti lọ. Ìdílé Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n gbé e fún ní Sátidé tó kọjá, àwọn tí bàbá wọn máa ń tọrọ èbù iṣu lọ́wọ́ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ mi gbàgbé ìwé kan sílẹ̀ nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kà á. Ó sọ nípa ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Àtúnbí. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àlùfáà àti ọlọ́lá díẹ̀ ló ni ìwé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń dà á kọ. Nígbà tó yá, wọ́n hú ọgbọ́n àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì dé. Àwọn oníṣòwò tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ọba lára gba ayàwòrán àti òǹkọ̀wé síṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn yẹn ya àwòrán bàbá wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì kọ ìtàn tó gbé ilé wọn ga, wọ́n sì di olúwa ìlú. Àwọn ọba náà kó akọ̀wé jọ sí ààfin, agbára wọn le sí i. Àgbẹ̀ kàn ń jí lọ sóko ni.

Mo rò pé ìtàn òyìnbó ni mo ń kà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò kan tó wà ní Ìbàdàn tẹ ìwé ìtàn ìlú wa jáde. Ó fi àwòrán bàbá wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ ọ́ pé àwọn ló tẹ ìlú dó. Nígbà tí wọ́n pe ilé méjèèjì lórí oyè náà, àwọn ìjòyè gbé e sórí tábìlì, wọ́n bi mí pé, "Tiyín dà?" Ẹnu lásán ni mo gbé lọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bàbá Oníwèé, bí wọ́n ti ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kàwé fún àwọn. Mo jókòó. Ohun tí wọn yóò máa sọ kiri ni mo bẹ̀rù.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ iṣu titun tí mo kọ orúkọ àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ bí ẹ ti ń kà wọ́n? Ẹ gba ìwé náà, ẹ fi dáná iṣu. Ẹ ní, "Ìtàn ulé kì í ṣe ohun tí àjèjì í kà." Kí ló dé tí mi ò tún un kọ lẹ́yìn yín? Mo ní wọn yóò wí pé mo ń ta àṣírí ilé.

Mo bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo kọ orúkọ yín, ti bàbá yín, àti ti bàbá tiwọn. Ẹ̀kẹrin kò wá sí mi lọ́kàn. Òun ló kọ́kọ́ gé igi níbí tó fi tẹ ìlú dó, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo bi gbogbo àgbà ilé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Bàbá, kí ni wọ́n ń pè é?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú sì ń bí sí yín.