Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mi ò lè bínú sí lójú ayé yín,

Ẹ má rò pé torí pé ẹ ti kú, inú ò ní bí mi sí yín. Ó ń bí mi. Láti àárọ̀ tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì yín ló ti ń bí mi, mo sì pinnu pé n ó sọ ọ́ kó tó di àrùn sí mi lára.

Àwọn èèyàn Ọjà Igbó ṣì ń yìn yín. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ èèyàn wò bíi yín. Awakọ̀ kì í yan ohun tí ẹ máa kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ máa po ọ̀dà. Oníjà tó ń ná Ìrẹsà, ẹ kọ ÌJÀ Ò DỌLÀ fún un. Ahun tó ń gbé èrò Sábó, ẹ kọ AHUN Ò LỌ́RẸ̀Ẹ́. Ahun yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwọn àbúrò òun gan-an lẹ bá wí. Ṣé ẹ ò rí i nígbà yẹn ni? Kò sẹ́ni tó gbà pé òun ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Nígbà tí mo bi yín ìdí tí ẹ ò fi sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, ẹ ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ọmọlúàbí ni gbogbo wọn?

Ẹ kọ RỌRA, ILÉ Ò SÁ LỌ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì Láyí, ọmọ ìjọ wa. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ̀ pé Láyí ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń kà á, wọ́n ń rọra. Láyí nìkan ni kò kà á, nítorí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n yín, Bàbá mi, ibi tí ẹni tó ni ín ò ti lè rí i lẹ ń kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, kí ló dé tí ẹ wọ ọkọ̀ rẹ̀? Ṣé ojú tì yín láti sọ fún un pé eré rẹ̀ ń bà yín lẹ́rù ni? Àbí àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ tún ń sọ títí ọkọ̀ fi takìtì?

Láyí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde níbẹ̀. Kò pẹ́ tí a sin yín tó fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń jó nínú sùtánà funfun, èmi àti Màmá jókòó, à ń wò ó. Gbogbo wọn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló wà nídìí ọkọ̀ ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

“Àbúrò, bá mi kọ ÀMÚWÁ ỌLỌ́RUN sẹ́yìn ẹ̀. Jẹ́ kó tóbi dáadáa.”

Màmá ní kí n ṣe é, kí ìjọ má baà dàrú. Mo ní kí Láyí padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Mo wọlé, mo jókòó síbi ìjókòó awakọ̀ kí ojú mi lè wà níbi tí ojú rẹ̀ máa wà. Mo mú ọ̀dà yín, èyí tí ọ̀wọ́n gógó ètò SAP ìjọba ti sọ di góòlù, mo kọ ọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù: LÁYÍ, ERÉ RẸ LÓ PA BÀBÁ MI. RỌRA. Mo gbé kẹrosíìnì àti àkísà gbígbẹ sórí ìjókòó, kó lè nù ún tó bá wù ú.

Nígbà tó dé, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ka ohun tí mo kọ. Ó mú àkísà náà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó dá a padà fún mi. Kò fọwọ́ kan kẹrosíìnì. Ó wa ọkọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́ débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá lára rẹ̀.

Màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò mọ̀ bóyá Láyí á máa rọra tó bá di ọ̀la. Ṣùgbọ́n mo ti sọ odindi fún un, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ̀yin sọ. Ilé ò sá lọ lóòótọ́, Bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ ò padà wá sí i.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó jogún búrọ́ọ̀ṣì yín, tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.