Òdòdó Tí Àǹtí Ní Kí N Jù Nù

Màámi,

Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, ẹ má dààmú. Òdòdó kan nílé Àǹtí níbí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é, ó máa ń tanná bíi labalábá tó tò sórí ọ̀pá. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, àṣé gbòǹgbò rẹ̀ ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Gbogbo òdòdó rẹ̀ já bọ́. Àǹtí ní kí n jù ú nù. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá àgbẹ̀, ọjọ́ tí igi gbígbẹ yìí bá tanná ni wàá padà sílé ìwé."

Ìsinmi lásán ni o, Màámi, ó kàn gùn díẹ̀ ni. Àǹtí ò tíì rí ẹlòmíì tó máa gbé ọmọ wọn tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ò gbà á ní àwàdà. Mo gé èyí tó jẹrà kúrò, mo fi èèpo igi tuntun sínú ìkòkò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń fún un lómi. Oṣù méje rèé.

Lánàá, nǹkan aláwọ̀ ewé kan yọ lábẹ́ ewé rẹ̀. Àǹtí ní gbòǹgbò ni. Gbòǹgbò wo ló ń kọjú sókè? Mo ti fọ yunifọ́ọ̀mù mi, mo sì ti lọ̀ ọ́.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó má fọwọ́ kan àwọn ìwé mi, mo ṣì máa lò wọ́n.