Jíìpù Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ ní Kọ́nà Aké

Abúlé Olúbọ̀dé,
lẹ́yìn Itori.
Ọjọ́ Ẹtì.

Pamílẹ́rìn, Àlàó ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, iná ìjọba ńkọ́ lọ́dọ̀ yín? Olúwa tó mú wa rí òjò ọdún yìí kò ní jẹ́ kí omi gbé ayọ̀ wa lọ. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà, àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì ń wú. Ilé kò jò mọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan jọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Òwu, mo sì ti sọ fún un. Mo fi lẹ́tà yìí rán Àfúsá tó ń kó gààrí wá sí Èkó, nítorí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o máa ń ní o wà ní mítíìnì kí n tó kí ọ tán.

Ọ̀rọ̀ jíìpù rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ni. O ní iná kékeré tó ń ṣẹ́jú níwájú dírẹ́bà kò dára, o ní ọkọ̀ tó bá ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní kọ́nà lè dojú dé, àti pé bí kò bá tíì dáa ní ọjọ́ Ajé, wàá rán ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ wá, kí wọ́n lọ tà á. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wa lọ́rì kòkó fún ọdún mọ́kànlélógún tí n kò pa adìẹ kan rí, ojú mi kọ́ ni wọn yóò ti wọ́ ọkọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé jíìpù yẹn ló ń gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí ọ̀kadà ti dà á sínú ẹrẹ̀. Bí ẹ bá wọ́ ọ lọ, inú ẹrẹ̀ náà la tún padà sí.

Òótọ́ ni pé n kò kọ́kọ́ kà á sí àìsàn. Nígbà tí a yà ní kọ́nà ààfin Aké, tí jíìpù náà tẹ̀ sí ọ̀tún, tó tún tẹ̀ sí òsì, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọkọ̀ tó gbẹ̀kọ́ nìyí, ó dé iwájú ààfin, ó dọ̀bálẹ̀, ó yíká ọ̀tún, ó yíká òsì. Inú mi dùn, mo tún tẹná mọ́ ọn kí àwọn tó dúró lójú títì lè rí i dáadáa. Sáàmù kẹtàlélógún ni ìyá rẹ ń kà, ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí. Àfi ìgbà tí a dé kọ́nà kejì, tó tún dọ̀bálẹ̀ fún ààtàn, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ ilé.

Mo wo fídíò òyìnbó tó ń tún jíìpù ṣe tí o fi ránṣẹ́. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé apá ibo ni kí n wò, ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò mọ àgbà. Ni mo bá gbé ọkọ̀ lọ bá Mùsílíù, rewáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní Itori. Mùsílíù ní irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ iwájú jíìpù méjèèjì pọ̀, òun ni kì í jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n fi ń tú u bí ọ̀nà bá jẹ́ kìkì òkúta, kí táyà kọ̀ọ̀kan lè máa gun tirẹ̀, bí a bá sì dé orí ọ̀dà, ó yẹ kó tún so pọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lọ́nà oko lóṣù tó kọjá. Ó tú, kò so mọ́. Mùsílíù ki ohun kan bíi páálí ìṣáná bọ ihò kan lábẹ́ sìtiárín, ó wo fóònù rẹ̀, ló bá ní ọkọ̀ ti sọ ibi tó ń dùn ún. Ká ní ìyá rẹ ní irú ihò bẹ́ẹ̀ lára ni, à bá ti mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ibi tí wáyà ti wọ inú ẹ̀rọ tó ń so irin náà. Èèrà ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi epo pupa pa abẹ́ jíìpù yìí? Mo lè ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. Pamílẹ́rìn, èmi ni. Bí a ṣe ń ṣe lọ́rì kòkó nìyẹn kí irin má bàa dógùn-ún, gbogbo Sátidé ni mo ń fi àkísà pa á, ife epo kan gbáko. Lọ́rì wa kò ní wáyà níbẹ̀, jíìpù ní. Ojú tì mí gan-an. Mùsílíù fọ ibẹ̀ mọ́, ó gé wáyà tí èèrà ti bà jẹ́, ó fi tuntun sí i, ó ní kí n gbé ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí n tẹ bọ́tìnì. Irin dún kọ̀, iná tó ń ṣẹ́jú náà kú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà kó lè dá mi lójú.

Lánàá a gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Gbogbo kọ́nà ló fi nàró ṣanṣan, títí kan ti Aké. Nígbà tí mo yíjú wo ìyá rẹ, ó ti sùn. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti dà á, n kò tíì rí i kó sùn nínú ohun tó ń lọ. Mo pa ọkọ̀ síwájú ilé ìwòsàn, n kò jí i. Wọ́n pe nọ́ńbà wa kọjá, mo ní kí wọ́n máa pe àwọn tó kù lọ. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ mi.

Nítorí náà, má rán ẹnikẹ́ni wá. Owó ni kí o rán, ti bẹntiróòlù, kí o sì fi ti bàtà tó fẹ̀ kún un fún ìyá rẹ. Epo pupa ti padà sí ìdí ọbẹ̀. Olúwa yóò so ọ́ mọ́ ire, ohun tó bá so kò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́. Wàá jẹun ọmọ bí a ṣe ń jẹ tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jedidiah Olúbọ̀dé.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ó ní bí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ bá wá lọ́jọ́ Ajé, inú jíìpù ni wọn yóò bá òun, kí wọ́n sì wọ́ òun mọ́ ọn dé Èkó. Ó ní ọdún méjì nìyí tí o ti wálé gbẹ̀yìn, ìyẹn á jẹ́ kí òun kúkú rí ọ.