Àmín Mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Gúdúbáì

Ọmọ mi àtàtà, Eyínfúnjowó,

Mo kí ẹ káàárọ̀, mo kí ẹ káàsán, mo sì kí ẹ káalẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa bá ẹ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó mú ẹ dé ìlú ńlá yẹn kò ní já ẹ sílẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ẹ ti fúyẹ́, ó ti ń rìn dé ojú ọ̀nà, ó sì ti ń bá gbogbo èèyàn jiyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn la fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ajá wa bí mẹ́rin. Máṣíìnì mi tó ń já òwú, mo ti tún un ṣe fúnra mi, epo ló ń béèrè.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi pè mí tí mi ò gbé e. Fóònù ò bàjẹ́ o, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ẹ. Orí tábìlì ìránṣọ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo bọ́tìnnì, bó bá ti ń dún ni gbogbo bọ́tìnnì á máa gbọ̀n, èmi á sì máa wò ó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó kà mí sí ìkà.

Lọ́jọ́ tí o pè pé wọ́n ti fún ẹ níṣẹ́ lókè òkun, pé oṣù tó ń bọ̀ lo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, ṣé o rántí pé mo yọ̀, mo jó yí máṣíìnì ká? Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé gúdúbáì. Ká ní báì-báì tí o máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá má bìkítà, àmọ́ odindi rẹ̀ lo sọ lọ́jọ́ yẹn, o sì pa fóònù. Mo lọ bi wẹ́dà tó wà lódìkejì ọ̀nà, ẹni tó máa ń fi irin kọ ọ̀rọ̀ sára géètì, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ní òun ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní kí òun kọ ọ́, géètì ibi ìsìnkú sì ni méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ a-rí-àlọ-a-ò-rí-àbọ̀ ni.

Ọmọ mi, ọkàn mi dàrú. Mo wá rò ó pé ẹni tí kò bá gbé fóònù, kò sẹ́ni tó lè kí i ní àkígbẹ̀yìn. Bí o kò bá rí mi bá sọ̀rọ̀, o ò ní lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí o kò bá sì rí i sọ, o ò ní lè lọ. Bàbá ẹ ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Mo ní kó lọ máa bá ajá jiyàn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó kọ́ ẹ ní kíláàsì kẹta, gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá òun tú u, torí ìdí òun ti sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fóònù dún lójú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ ni, ni mo bá jẹ́wọ́. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ oníbàárà. Ó ní wẹ́dà ò mọ nǹkan kan, pé àdúrà ni ọ̀rọ̀ náà! Ó ní láyé àtijọ́, bí àwọn tó ni èdè yẹn bá fẹ́ pínyà, wọ́n á ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Ẹnu ń sáré, ọ̀rọ̀ ń kúrú, títí gbogbo rẹ̀ fi di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, gúdù ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ni ẹnu wọn bá sọ orúkọ Ọlọ́run inú rẹ̀ di gúdù, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé àdúrà làwọn ń gbà.

Mo ní hẹn-ẹn-ẹn. Èmi aránṣọ, mo mọ irú ìyẹn. Wọ́n mú ẹ̀wù tó balẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n gé e, ó di aṣọ ìnujú. Báì-báì tìẹ wá jẹ́ bọ́tìnnì lásán. Àmọ́ àdúrà ni àdúrà ń jẹ́, láti ọdún mẹ́rin tí o ti dé ìlú ńlá yẹn lo sì ti ń gbà á fún mi tí mi ò ṣe àmín sí ọ̀kankan, torí o máa ń pa fóònù kí n tó mí. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní kí tíṣà bá mi wá ibi tí fóònù ń kó àwọn ìpè tí mi ò gbé sí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo ṣe àmín sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àtàǹpàkò sún wọn sókè títí wọ́n fi tán. Tíṣà ní ìpè tí èèyàn ò gbé, kò sí àdúrà kankan nínú rẹ̀. Mo ní kó fi ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ gba owó tí o fi ránṣẹ́, lára ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báńkì. Bó ṣe kó owó fún mi tán ló kọ gúdúbáì sójú gíláàsì rẹ̀. Mo dá a mọ̀, torí tíṣà ti kọ ọ́ fún mi sára bébà tí mo fi ń gé aṣọ. Ẹ̀rọ lásán, ó sì mọ̀wà jù ẹ́ lọ, kò pa ojú dé kí n tó dáhùn! Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní àmín, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ìwọ náà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi náà ní àmín. Sìkíọ́rítì sáré wá, ó bi mí pé ṣé ẹ̀rọ ti gbé káàdì mi mì ni. Mo ní rárá, àdúrà ló gbà fún mi. Ó ní ọdún méje lòun ti ń ṣọ́ ọ, kò gbàdúrà fún òun rí. Mo ní torí pé kò gbowó lára rẹ̀ rí ni.

Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, o ò pè mọ́. Ojú ń tì mí láti pè ẹ́, torí bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ, ẹkún ni màá sun, o ò sì ní gbọ́ ohun tí mò ń wí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí.

Mo ti rò ó dáadáa lórí máṣíìnì, mo sì rí i pé àléébù kan wà lára ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹ, ó dára. Wọn ò sọ̀rọ̀ bíbọ̀. Ọlọ́run lè wà pẹ̀lú ẹ lọ́hùn-ún títí irun ẹ á fi funfun, èmi ńkọ́? Tiwa ló sọ ọ́. Ó dàbọ̀: ó di àbọ̀, ó di ìgbà tí o bá padà dé. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí rí àfi lọ́jọ́ tí mò ń tú ṣòkòtò tíṣà, omijé mi sì kán sórí rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n ra bátìrì tuntun sí fóònù yìí, torí ó máa ń kú lójijì, mi ò sì fẹ́ kó kú sórí àmín. Fi díẹ̀ kún un kí n ra aṣọ tó nípọn, wọ́n ní òtútù òkè òkun ò mojú ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ rán kóòtù fún ẹ. Mi ò lè wọn èèyàn lórí fóònù, o ní láti wá sílé kí n fi tépù yí ẹ ká. Ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Bàbá ẹ ní wíwọn èèyàn ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Má dá a lóhùn, òun náà ti ń gbá yàrá ẹ.

Ibi tí o bá ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ á bá ire pàdé. Ọwọ́ ẹ ò ní ṣófo, eyín ẹ á máa funfun fún ẹ̀rín. Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹ, odindi rẹ̀ ni mo sọ yẹn, mi ò gé e. Pè mí tí o bá ti ka ìwé yìí tán, màá gbé e kí bọ́tìnnì tó gbọ̀n. Tí a bá sọ̀rọ̀ tán, ìwọ sọ tiwọn, èmi á ṣe àmín. Èmi náà á sọ tiwa, ìwọ náà á ṣe àmín, ká tó pa fóònù.

Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Ó di àbọ̀ o.

Èmi ni ìyá ẹ aránṣọ, tí tépù ti wà lọ́rùn rẹ̀.