Gíláàsì Òfo àti Àkùkọ Ìyá Hàlímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Keje, 1994

Àlejò dé! Ìgò kékeré kan nínú páálí yìnyín, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ Dókítà Akínwọlé níṣẹ́ lókè òkun. Yìnyín ti ń yọ́ — ìyanṣẹ́lódì àwọn elépo, ọkọ̀ tó gbé e wá sùn sójú ọ̀nà — àmọ́ ó ṣì tutù. Mo ti gbé e sínú fíríìjì kẹrosíìnì. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ò rí epo mu mọ́.

Àńtíbọ́dì ló wà nínú rẹ̀; Àlejò ni mo sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ láyé: IgA, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Bí IgA bá ṣù jọ sínú kíndìnrín, Àlejò á lẹ̀ mọ́ ọn, a ó da àwọ̀ lé e, ibẹ̀ á di búráùn lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Èmi Monílọ́lá onílàábù, ní Ore níbí, ni n óò ṣe é. Inú mi dùn débi pé mo sun iṣu jóná.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Keje

Hàlímọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Ọmọ Gàzálì awakọ̀ tírélà ni, Àríkẹ́ ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn ní gáréèjì. Ọ̀fun dun ọmọ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìsápá. Ìkánjú — Dókítà ni, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ lára kíndìnrín rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ inú ẹran ara lè sọ àwọ̀ di búráùn fúnra rẹ̀, láìsí IgA kankan. Haidirojín, omi tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, la fi ń pa á lẹ́nu mọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa ti pẹ́ jù lórí àtẹ oníkẹ́míìsì. Mo dà á, kò hó bíi tuntun. Mo rí i pé kò hó. Mo lò ó.

Ó sì yẹ kí gíláàsì òfo wà, èyí tí a kì í kán Àlejò sí rárá. Bí òun náà bá di búráùn, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò ṣe é. Àwọ̀ kù díẹ̀. Lásìkò tí Métírọ̀n Magdalene ń fọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sá sóòrùn ká lè tún un lò, ta ni yóò da àwọ̀ sórí òfo?

Búráùn! Búráùn kárí! Mo sáré lọ pe Ìkánjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Keje

Wọ́n yìn mí níbi àdúrà òwúrọ̀. Métírọ̀n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà Ìkánjú pe Ìyá Hàlímọ̀, ó ní àìsàn náà ti rí orúkọ, kì í fi ara sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ká fún un ní oògùn tó lágbára. Ìyá náà wojú mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Keje

Búráùn yẹn pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Keje

Mo rí Hàlímọ̀. Oògùn ti wú ojú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Wọ́n ń pè é ní Olójú Búrẹ́dì nílé ìwé, kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe pẹ̀lú àìsàn tí kì í lọ.

N kò lè jẹun. Elisha ọkọ mi ti oko kòkó Omifúnfun dé, ó bi mí ní èdè Ìkálẹ̀ wa, “Kí ló ṣe ẹ, wo éè jẹun?” Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹjọ

Haidirojín tuntun dé. Ó hó bí ọṣẹ. Ẹran kíndìnrín Hàlímọ̀ ṣì wà nínú ìda tí a fi ń tọ́jú ẹran, mo gé òmíràn.

Mo kọ́kọ́ ṣe gíláàsì òfo tí mo fò lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú haidirojín àtijọ́. Búráùn. Ẹ̀jẹ̀ lásán.

Mo wá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹran tí wọ́n gé kúrò lọ́fun Ọlámidé ọmọ mi lésìí, tí mo tọ́jú, níbi tí IgA kì í ti í ṣaláì sí, di búráùn dáadáa. Àlejò kò purọ́. Kíndìnrín Hàlímọ̀ — kò sí nǹkan kan. Àìsàn tí ọ̀fun dídùn ń fà ni, irú èyí tó sábà ń lọ fúnra rẹ̀.

Ojú tì mí. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Ìkánjú. Ó ní ká máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Ìtọ̀ ọmọ ti ń mọ́ lọ, ká sọ pé oògùn ló ṣe é. Ó ní, “Moní, ta ló máa pa lára?”

Mo ní, “Ó dáa, sà.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Hàlímọ̀ gbé àkùkọ wá fún mi. Pupa, ìrù gígùn. Ó kúnlẹ̀ — obìnrin tó tó bí mi! “Ẹ̀yin lẹ rí àrùn tó fẹ́ pa á. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.”

Mo gbà á. Ọwọ́ mi ló gbà á.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹjọ

Àkùkọ náà kọ láàárọ̀ kùtù lẹ́yìn ilé ìdáná. Elisha ní ká pa á ní Sunday. Mo kígbe mọ́ ọn. Pétérù nìkan kọ́ ni àkùkọ kọ fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹjọ

Mo gbé e sábẹ́ apá, mo lọ sí gáréèjì. Ìyá Hàlímọ̀ ń bó ọsàn. Mo kúnlẹ̀ nínú eèpo ọsàn, mo sọ gbogbo rẹ̀: haidirojín tí kò hó, gíláàsì tí mo fò, ohun tí mo mọ̀ tí mo sì gba ọpẹ́ lé lórí.

Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. Ìbéèrè kan ló bi mí: “Oògùn tó sọ ojú ọmọ mi dà bẹ́ẹ̀, kò nílò ẹ̀ rárá?”

Mo ní, “Kò nílò ẹ̀, mà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Bí Dókítà ṣe ń dín in kù ni kó máa lò ó.”

Ó padà sídìí ọsàn rẹ̀. Kò wojú mi mọ́. “Hàlímọ̀, wá gba àkùkọ wa lọ́wọ́ wọn.”

Ọmọ náà jáde, ojú rẹ̀ ṣì wú. Kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ó kúnlẹ̀ kó tó gba àkùkọ. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”